Ọ̀sẹ̀ Ààrá Ọ̀sán

Ọwọ́ Bólúwají ṣẹ̀ṣẹ̀ gun ọrùn gìtá dé ibi tí ohùn rẹ̀ ti máa ń ké jù ni iná lọ. Gìtá náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Béèsì dákẹ́, máìkì dákẹ́. Dírọ́ọ̀mù Jesse nìkan ló ń dún lọ nínú òkùnkùn gáréèjì, Damaris sì ń bá a kọrin lọ láìsí máìkì, ó na ọrùn, ó ń gbé ohùn jáde bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò.

"Wọ́n tún ti mú un o!" Ọlákúnlé pariwo láti ìdí ògiri. "NEPA ti wọ ọkọ̀ òfuurufú tẹ̀lé wa dé Jóbọ̀!"

Bólúwají bú sẹ́rìn-ín. Jesse ju ọ̀pá ìlù méjèèjì sókè, ó mú ọ̀kan, èkejì bọ́ sílẹ̀. Ọlákúnlé ti ilẹ̀kùn gáréèjì sókè, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ wọlé, gbogbo wọn sì rí bí òógùn ṣe bo ara wọn.

Ọjọ́ Ajé ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 tí iná ń lọ tó ń bọ̀ káàkiri Johannesburg, tí àwọn ọmọ ìlú ń kanra, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ń fi wọ́n ṣẹ̀rín. Ilé Ọlákúnlé ní Bertrams ni wọ́n ti máa ń ṣe ìdánrawò. Òun ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, òun ló ń ta béèsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Onímọ̀ ìṣirò owó ni ní iléeṣẹ́ kan láàárín ìlú, ó sì ti lé ní ọmọ ogójì ọdún dáadáa. Bólúwají, tó ń ta gìtá, kéré sí i púpọ̀. Iṣẹ́ títún líìfìtì ṣe nínú àwọn ilé gíga ló ń ṣe. Ọmọ ìlú náà ni Jesse àti Damaris. Jesse ń fi táyà sí ọkọ̀, Damaris ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé. Òyìnbó ni gbogbo wọn jọ ń sọ, àfi bí Ọlákúnlé àti Bólúwají bá kọjú sí ara wọn.

Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, Ààrá Ọ̀sán ni orúkọ wọn. Ọlákúnlé ló mú orúkọ náà wá, nítorí ààrá tó máa ń sán ní ìlú náà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán nígbà òjò, tí á dẹ́rù bani díẹ̀, tí oòrùn á sì tún yọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ ìwé ìpolówó kì í fi àmì sí i. Gbogbo Yorùbá tó bá rí i ló ń béèrè irú ara ọsàn wo ni wọ́n ń sọ, àbí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sàn ni. Damaris pàápàá kì í pè é bó ṣe yẹ. Yóò dúró síwájú èrò, yóò ní, "Àwa ni Ara Ọsàn!" Ọlákúnlé á sì máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀ débi tí yóò fi gbàgbé láti bẹ̀rẹ̀ orin.

Àlejò kan wà pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ yẹn. Mokoena ni orúkọ rẹ̀, ó jókòó sórí táyà àlòkù lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ṣètò àpéjọ orin tí yóò wáyé ní Newtown lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ó sì ní yàrá kékeré kan níbẹ̀ tó fi ń gba orin sílẹ̀. Kò tíì sí ibi tó tóbi tó yẹn tí Ààrá Ọ̀sán ti kọrin rí. Ilé ọtí ní Troyeville àti àríyá ọjọ́ ìbí ni wọ́n mọ̀.

Ọlákúnlé wọlé lọ mú omi tútù wá. Mokoena dìde, ó gbọn ìdí sòkòtò rẹ̀, ó ní kí Bólúwají sin òun dé ìdí ọkọ̀.

"Obìnrin yẹn lè kọrin," ó sọ nígbà tí wọ́n dé ìta. "Ìwọ náà mọ gìtá. Ìlù yẹn dára. Ṣùgbọ́n ọkùnrin béèsì yẹn ń pẹ́. Ìka rẹ̀ kì í dé orí okùn nígbà tó yẹ. Ṣé o ń gbọ́ ọ?"

Bólúwají wo ẹnu bàtà rẹ̀.

"O ń gbọ́ ọ," Mokoena sọ. "Ẹnì kan wà tí mo mọ̀, ọmọ ìlú yín ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ló ti ń ta béèsì. Ẹ wá sí ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́bọ̀, kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Bí ó bá bá yín mu tí ẹ sì ṣe dáadáa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, n ó gba orin yín sílẹ̀, n ó sì mú yín lọ sí Durban àti Cape Town. Má tíì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ o. Kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ná."

Ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Ọlákúnlé jáde pẹ̀lú ife omi lórí àwo.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ohùn Damaris dára," Bólúwají dáhùn.

"Mo mọ̀!" Ọlákúnlé sọ, inú rẹ̀ dùn. "Mo ti mọ̀ pé yóò sọ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò fún Bólúwají láyè láti ronú. Iná lọ ní Hillbrow, ó lọ ní Braamfontein, ibi tí iná bá sì ti lọ ni àwọn ènìyàn ti ń há sínú líìfìtì. Ó yọ agbẹjọ́rò kan tó ń sunkún tó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó yọ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n ti fi gbogbo àkókò yẹn dirun fún ara wọn. Bàbá arúgbó kan ti sùn lọ ní tirẹ̀, ó sì bínú pé wọ́n jí òun. Nígbà tí Bólúwají fi máa délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú bàtà.

Rìnsọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ń gé ewébẹ̀ lórí tábìlì. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni, ó sì ní ọ̀nà kan tó máa ń gbà dákẹ́ wo ènìyàn títí onítọ̀hún á fi sọ ohun tó ṣe é.

"Bàbá Pẹ̀lúmi, kí ló ṣe yín? Láti àná lẹ ti ń mí ìmí ẹlẹ́dùn."

Ó jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Rìnsọ́lá kò dá a lẹ́nu.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ń pẹ́?" ó béèrè.

"Ìwọ náà ṣáà ti gbọ́ wa rí."

"Ariwo ni gbogbo rẹ̀ létí tèmi. Ẹ̀yin ni mò ń bi."

"Wọ́n ń pẹ́. Díẹ̀ báyìí ni."

"Ẹ ti sọ fún wọn rí?"

Bólúwají mú ewé kan lórí tábìlì, ó ń fà á ya. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Johannesburg, báàgì kan àti gìtá kan ló gbé wá láti Iléṣà. Ní ìjọ Aládùúrà kan ní Troyeville ni Ọlákúnlé ti rí i níbi tó ti ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin. Ó ní kó wá máa sùn ní gáréèjì òun títí yóò fi ríṣẹ́. Òtútù ọdún yẹn pọ̀. Kóòtù Ọlákúnlé ni Bólúwají wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù náà dé òpin rẹ̀, apá kóòtù náà sì gùn jù fún un. Báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ wúwo?

"N kò tíì sọ ọ́ rí," ó wí.

"Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó lọ gbìyànjú ẹlòmíràn. Kó jẹ́ ẹnu yín ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

"N ó sọ ọ́."

Ó fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́rú, Ọlákúnlé pè é lórí fóònù láàárọ̀, ó tún pè é lọ́sàn-án. Ó ti rí ẹni tó máa yá wọn ní jẹnẹrétọ̀, bí iná bá tiẹ̀ lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò sí wàhálà. Ṣé kí òun gba ọkọ̀ tó ní ẹ̀yìn gbalasa tí yóò gba dírọ́ọ̀mù Jesse? Ṣé Bólúwají ní okùn gìtá mìíràn nílé bí ọ̀kan bá já? Ìgbàkígbà tó bá pè ni Bólúwají á ya ẹnu, ohun tó sì máa ń jáde ni, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n."

Nírọ̀lẹ́, ó lọ bá Damaris lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé. Jesse ti wà níbẹ̀. Ó ròyìn ohun tí Mokoena sọ fún òun.

Jesse fọwọ́ nu ojú. "Eish," ó kẹ́dùn. "Ọ̀gá Kúnlé."

Damaris ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Láti ìgbà tó wà nílé ìwé ló ti ń kọrin, gbogbo ìgbà tí àǹfààní kan bá sì ti fẹ́ dé, nǹkan mìíràn ni í dé síwájú rẹ̀: ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, ọmọ rẹ̀ dé, iṣẹ́ dé.

"Mo fẹ́ lọ," ó sọ níkẹyìn. "Kì í ṣe pé n kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ bí yóò ṣe rí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Yàrá Mokoena wà lókè ilé àtijọ́ kan ní Newtown. Ọ̀dọ́bìnrin kan ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó so irun rẹ̀ sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó rí Bólúwají.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Àánúolúwapọ̀ lorúkọ mi. Àánú ni wọ́n ń pè mí."

Apòògùn ni. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní béèsì láti kékeré, kó má baà máa sùn ní ìsìn àṣálẹ́. Ó so gìtá rẹ̀ kọ́rùn, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Kò sí àbùkù kan lára ohun tó ń ṣe. Kò sí ibi tí Jesse gbé ọ̀pá ìlù sí tí ìka Àánú kò ti sí níbẹ̀ ṣáájú. Wọ́n kọ orin àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, èyí tí wọn kì í sábà rí ṣe. Wọ́n kọ èkejì. Mokoena ń mi orí lẹ́yìn gíláàsì. Ara Damaris ti ń gbóná, ó di ojú, ó ń kọrin bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún. Ṣùgbọ́n Bólúwají ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì rẹ́rìn-ín. Jesse ń lu ìlù pẹ̀lú eyín tó pa pọ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Àárín orin kẹta ni ilẹ̀kùn ṣí.

Ọlákúnlé ló wọlé, ó gbé páálí kan sáyà. Ó ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti wá bá Mokoena sọ̀rọ̀ lórí ibi tí wọn yóò gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó rí Damaris, ó wà níbẹ̀ nígbà tó rí Jesse. Lẹ́yìn náà ló rí béèsì lọ́rùn Àánú.

Orin náà dúró, ohùn kan tẹ̀lé òmíràn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Ọlákúnlé wí.

Ó rọra gbé páálí náà sórí àga, ó yí padà, ó sì fa ilẹ̀kùn mọ́ra lẹ́yìn láìjẹ́ kó dún.

Bólúwají sáré jáde, ṣùgbọ́n tákísì tí Ọlákúnlé wọ̀ ti gbéra. Nígbà tó padà gòkè, Damaris ti ṣí páálí náà. Ẹ̀wù fẹ́ẹ̀tì dúdú mẹ́rin ló wà níbẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ wà láyà gbogbo wọn ní funfun: Ààrá Ọ̀sán, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ọlákúnlé ti dúró ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi fi wọ́n sí i.

Àánú tú okùn béèsì kúrò lọ́rùn.

"Ta nìyẹn?" ó bi Bólúwají. Bó ṣe dáhùn báyìí, ojú ọmọbìnrin náà yí padà. "Wọ́n sọ fún mi pé ẹ ò ní ẹni tó ń ta béèsì. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú, ohun tí ẹ ṣe yìí kò dáa."

"Kò dáa," Bólúwají wí.

Àánú palẹ̀ gìtá rẹ̀ mọ́, ó sì lọ. Mokoena jáde látẹ̀yìn gíláàsì, ó ní kò burú, kí wọ́n ronú sí i.

Ọlákúnlé kò gbé fóònù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bólúwají lọ sílé rẹ̀ ní Bertrams, ìyàwó rẹ̀, Ṣadé, ló jáde. Ó ní ọkọ òun ti wọ yàrá, orí ń fọ́ ọ. Kò pe Bólúwají wọlé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀sán kò tíì pọ́n tí iná fi lọ láàárín ìlú. Iléeṣẹ́ Bólúwají rán òun àti ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lọ sí ilé gíga kan, wọ́n ní líìfìtì dúró sáàárín àjà méjì pẹ̀lú èèyàn nínú. Ìgbà tí wọ́n dé iwájú ilé náà ni Bólúwají tó mọ̀ pé ibi iṣẹ́ Ọlákúnlé ni. Kò tíì wá sí i lọ́kàn pé òun lè rí i níbẹ̀.

Ẹnìkejì rẹ̀ gba orí àtẹ̀gùn lọ sí yàrá ẹ̀rọ tó wà lórí òrùlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa fọwọ́ yí àgbá ẹ̀rọ títí líìfìtì yóò fi sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọ̀nà náà jìn. Bólúwají fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn ìta, ó sì fọwọ́ ti ilẹ̀kùn líìfìtì gan-an díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Ilẹ̀ líìfìtì náà ga dé àyà rẹ̀. Ó rí bàtà obìnrin àgbàlagbà kan, ó sì rí bàtà awọ aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó mọ̀ dáadáa.

"Ẹ má jáde o," ó fi òyìnbó sọ. "Ẹ dúró títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀."

Bàtà awọ náà kò mira.

"Ẹ̀gbọ́n," Bólúwají wí ní Yorùbá. "Èmi ni."

"Mo gbọ́ ohùn rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ."

"Ẹnìkejì mi ṣì ń gun òkè lọ. Ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ Ajé ni ó ti yẹ kí n sọ fún yín. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ pè mí lórí fóònù, ó wà lẹ́nu mi."

Ohùn obìnrin àgbàlagbà náà ló sọ̀ kalẹ̀. Òun ló ń pín tíì fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà, ìgò tíì gbígbóná rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èdè wo lẹ ń sọ?" ó fi òyìnbó béèrè. "Ṣé ìjà ni?"

"Ìjà ni, Mama," Ọlákúnlé dáhùn.

"Nítorí obìnrin?"

"Rárá. Nítorí gìtá."

"Eish," obìnrin náà wí. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń da tíì sínú ife. "Gba èyí. Mu ún kí o tó bínú sí i."

Bàtà Ọlákúnlé yí díẹ̀. Ó ti jókòó sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì wá hàn, ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ife.

"Bólú, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo máa ń pẹ́?"

Bólúwají di etí ilẹ̀kùn mú. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa ń pẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín."

Èjìká Ọlákúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bólúwají rò pé ẹkún ni. Ó tẹ ara síwájú, ó gbọ́ ẹ̀rín.

"Láti ọjọ́ tí o ti mọ̀ mí!" Ọlákúnlé wí. "Tí ẹ̀yin mẹ́ta ń wò mí!" Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó dùn mí? Kì í ṣe ọmọ yẹn. Ọmọ yẹn dára, mo gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn kí n tó wọlé, mo tiẹ̀ ń sọ lọ́kàn mi pé, ta ló ń ta béèsì báyìí? Ohun tó dùn mí ni pé ẹ mọ̀, ẹ sì ń kan sáárá sí mi. Ọmọdé ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. O sùn nínú gáréèjì mi, mo sì sọ fún ọ pé híhanrun rẹ ń dí wa lọ́wọ́ oorun. Ṣé mo fi pamọ́ fún ọ?"

"Ẹ kò fi pamọ́."

"Èéṣe tí o fi pa tèmi mọ́?"

"Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni."

"Kì í ṣe ọ̀wọ̀."

"Mo ti mọ̀ báyìí," Bólúwají wí. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ kò bá sí níbẹ̀ lọ́la, èmi kò ní í ta gìtá. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi tù yín nínú. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ wò láìsí yín. Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà, inú mi kò sì dùn rárá."

Ohùn ẹnìkejì rẹ̀ bú jáde nínú rédíò ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ti ṣetán. Líìfìtì náà mì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú Ọlákúnlé sì hàn nígbà tó yá, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn àti ife tíì lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ méjèèjì bára mu, Bólúwají na ọwọ́ sí i.

"Ẹ máa bọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"N kò tíì mu tíì mi tán," Ọlákúnlé wí. Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ náà mú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wọn pàdé nínú gáréèjì. Iná wà, wọn kò sì tan ẹ̀rọ kankan. Jesse bẹ̀bẹ̀ ní kúkúrú, ojú tì í. Damaris kò fi epo bọ iyọ̀.

"Mo fẹ́ àǹfààní yẹn," ó wí. "N kò ní í purọ́ fún ọ, mo ṣì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí n wá a gba ẹ̀yìn rẹ."

"Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni Mokoena fẹ́ lọ́la, lọ," Ọlákúnlé dá a lóhùn. "Kàn sọ fún mi kí n tó gbọ́ ọ níta."

Ó gbé béèsì rẹ̀ kọ́rùn, ó ní kí wọ́n fi ibi tí òun ti ń pẹ́ han òun. Wọ́n fi hàn án. Ibẹ̀ pọ̀. Ó ń tún un ṣe, ó ń bínú sí ìka ara rẹ̀, Jesse ń rẹ́rìn-ín, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n máa parí, kò tíì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ara tù wọ́n.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èrò kún gbàgede Newtown. Oòrùn mú, ìkùukùu sì ń gbára jọ lápá ìwọ̀ oòrùn. Rìnsọ́lá wá pẹ̀lú Pẹ̀lúmi, ọmọ wọn obìnrin, tó ti fi ìwé ìnuwọ́ di etí rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ààrá Ọ̀sán jáde pẹ̀lú fẹ́ẹ̀tì dúdú wọn. Mokoena rí Ọlákúnlé, ó wo Bólúwají, ó gbé èjìká sókè, ó sì kúrò níbẹ̀ lọ dúró lápá kan.

Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nínú èkejì, iná ìlú lọ, jẹnẹrétọ̀ Ọlákúnlé sì gbà á kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nínú orin náà kan náà ni ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Bólúwají gbọ́ ọ. Ó yíjú sí Jesse, ó sì rí ohun tí kò kíyè sí rí ní gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ wà: Jesse fara lé ẹ̀yìn díẹ̀, ó ń dúró dè é. Ìlù náà ń dúró, béèsì ń dé bá a, orin náà sì wúwo bí ẹni tó ru ẹrù tó mọ ibi tó ń gbé e lọ. Àwọn èrò iwájú ti ń mi ara. Damaris gbọ́ ọ pẹ̀lú, ó fa ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ gùn kó lè bá wọn rìn. Nínú orin tó kẹ́yìn, Ọlákúnlé sọnù pátápátá, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn, ó ń pàtẹ́wọ́ títí ó fi rí ọ̀nà padà wọlé. Àwọn èrò rò pé ara eré ni, wọ́n bá a pàtẹ́wọ́.

Pẹ̀lúmi yọ ìwé ìnuwọ́ kúrò ní etí. "Daddy was loud," ó sọ fún ìyá rẹ̀.

"Bàbá rẹ láyọ̀ ni," Rìnsọ́lá dá a lóhùn.

Mokoena bá wọn lẹ́yìn ìtàgé. Ó ní òun gbádùn ohun tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú rẹ̀ ni òun lè mú lọ sí Durban. Ó ní ẹgbẹ́ mìíràn wà tí òun ń gba orin wọn sílẹ̀, wọ́n sì nílò ohùn obìnrin. Damaris yíjú sí Ọlákúnlé.

"Ó ní kí n wá kọrin fún àwọn kan," ó sọ bí ẹni pé Ọlákúnlé kò sí níbẹ̀ nígbà tí Mokoena sọ ọ́.

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́ Ajé ni tiwa. Lọ," Ọlákúnlé wí, ó sì gbá a mọ́ra.

Àánú náà ti wà láàárín èrò, tòun ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Bólúwají rí i tí Ọlákúnlé ń fọwọ́ ya èrò lọ bá a. Ó rí i tí ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, tí Ọlákúnlé fà á dìde, tí wọ́n sì dúró sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, gbogbo wọn sì sáré palẹ̀ ẹrù mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Bólúwají lọ sí Bertrams láti gbé sípíkà rẹ̀. Ṣadé jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, ó ń bó ọsàn sínú àwo. Lọ́tẹ̀ yìí ó fa àga fún un.

"Má tíì wọlé," ó wí. "Olùkọ́ wọn wà níbẹ̀."

Láti inú gáréèjì ni béèsì ti ń dún, ohùn kan náà léraléra. Ó dúró. Ohùn Àánú jáde, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, "Sà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa. Ẹ ń gbìyànjú."

"Ṣé ó dáa àbí kò dáa?" Ọlákúnlé béèrè.

Àánú wúkọ́ díẹ̀.

"Kò dáa, sà. Ẹ tún pẹ́."

"Ẹ̀n-hẹ́n! Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa wí i. Ó yá, ibo ni mo ti pẹ́?"

Béèsì náà tún bẹ̀rẹ̀. Bólúwají gba ìdajì ọsàn lọ́wọ́ Ṣadé, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó sì jókòó dè wọ́n.